Sílíńdà Kẹta: Ìjàpá eré-ìje kan tó ń gbóná jù ní Ṣágámù

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá pupa kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣágámù. Ẹni tó ni ín tẹ̀lé e lórí ọ̀kadà, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ni fún mi, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, a ti mọra láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ó tún ti dákú." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó ná." Kò jókòó. Ìkẹta rèé láàárín oṣù méjì tí ẹ́ńjìnnì náà á kú mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá ti sáré kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì mọ iṣẹ́. Èmi náà ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i. Inú ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa ń wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń pa á kò sí nínú ẹ́ńjìnnì.

Bàbá Ẹ̀gbọ́n ló ra ọkọ̀ náà ní tuntun, nígbà tí wọ́n ṣì ń to Ìjàpá pọ̀ ní Òjó l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Lẹ́yìn tí bàbá di olóògbé, abẹ́ igi obì ni ọkọ̀ wà nínú ọgbà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ẹ̀gbọ́n tó gbé e dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú régbérégbé wọn, tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, ti jọ ṣàdéhùn pé àwọn máa sá eré-ìje láàárín ara wọn ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé Ojúde Ọba. Wọ́n ti fi katakata tẹ́ pápá kan ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Ogún ìyípo ni wọ́n máa sá, lórí ilẹ̀ pupa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù.

Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kò rí bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní 1600, 1584cc ni ní tòótọ́. Pístọ̀n rẹ̀, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fẹ̀ tó mílímítà 85.5. Ẹ̀gbọ́n ti lọ gbé pístọ̀n 90.5 sí i l'Ékòó, ó sì di 1776cc. Wọ́n fi káàbúrétọ̀ méjì rọ́pò ẹyọ kan. Wọ́n yọ àwọn páìpù tó ń gbé ooru lọ sínú ọkọ̀, nítorí ta ló ń wá ooru ní Rẹ́mọ? Wọ́n yọ sáléǹsà, wọ́n fi ti eré-ìje tó ń ké ramúramù sí i. Wọ́n yọ ilé fáànù dúdú tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n fi èyí tó ń dán bí dígí sí i. Ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, wọ́n fi irin kékeré méjì tì í síta kó lè máa là sílẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan yìí tí kò lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Pọ́lọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ yọ. Ti sílíńdà kìíní àti ìkejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó ṣe yẹ. Ti ìkẹrin funfun díẹ̀. Ti ìkẹta funfun báláú, ó gbẹ, mo sì rí èérún kéékèèké bí iyanrìn fàdákà lára tánganran rẹ̀. Èérún yẹn ni ń kò fẹ́ rí. Alumíníọ̀mù ni, ara orí pístọ̀n ló ti ń já. Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù nínú sílíńdà, epo àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í dúró kí iná pọ́lọ́ọ̀gì jó o tẹ̀léra tẹ̀léra mọ́. Ìyókù á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, ìbúgbàù yẹn á sì máa gbẹ́ orí pístọ̀n bí ẹni fi eyín jẹ ẹ́. Nígbà tí a tú u, etí pístọ̀n kẹta ti jẹ, ríǹgì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojúhò, ọ́ìlì sì ti di dúdú bí ọ̀dà. A pààrọ̀ pístọ̀n àti sílíńdà yẹn, a lọ fáàfù, a da ọ́ìlì 20W-50 tuntun sí i. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ọ́ìlì Ìjàpá. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi sáré ìje máa rántí bí ọ́ìlì yẹn ṣe kéré tó.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì tí kò lómi, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù bíi tiwa, kò lè sáré ìje ni?" Mo ní rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ 917 tí Porsche fi gba eré-ìje Le Mans ní 1970 àti 1971, ẹ́ńjìnnì sílíńdà 12 ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, fáànù ńlá kan ló dùbúlẹ̀ gbalaja sórí rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi sá eré yẹn. Tiwa ò ní pé wákàtí kan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dá lé. Fáànù Ìjàpá wà ní ìdí dáínámò. Bẹ́líìtì láti púlì ìsàlẹ̀ ló ń yí i, ó sì ń yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ́ńjìnnì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú iyàrá ẹ́ńjìnnì, ó ń tì í sínú ilé fáànù, ilé fáànù á sì pín in sọ́tùn-ún àti sósì kó gba àárín àwọn ìyẹ́ irin tín-ín-rín tó yí sílíńdà ká, kó kó ooru wọn, kó jáde sábẹ́ ọkọ̀. Páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká ni ààlà. Tútù wà lókè rẹ̀, gbígbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà etí ló so páànù náà mọ́ ara ọkọ̀ kí àwọn méjèèjì má baà pàdé.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n máa ń fi amọ̀ rẹ́ etí agbada pinpin. Ẹnu ààrò ni igi ń gbà wọlé, ihò ẹ̀yìn ni èéfín ń gbà jáde, kò sí ọ̀nà mìíràn fún iná láti yọ. Bí amọ̀ yẹn bá là, igi á jó tán, gààrí ò ní yan, ẹ̀fín á sì kún ojú ìyá. Iṣẹ́ tí amọ̀ ń ṣe létí agbada ni páànù àti rọ́bà etí ń ṣe lára Ìjàpá. Àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa máa ń sọ nù nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, torí pé kò sí ohun tó ń yí lára rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dún.

Èmi náà kò kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ibi iná ni mo wò. Mo fi láìtì tọ́ dísíbítọ̀, tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì, wò, mo bá a pé dígírì 38 ni iná fi ń ṣáájú kí pístọ̀n tó dé òpin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré. Ó pọ̀ jù. Láàárín 28 sí 32 ló yẹ kí Ìjàpá wà. Mo dá a padà sí 30, inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Mo ní wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí wọ́ṣà; abẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì la máa ń fi í sí, á sì máa fi iye ooru ibẹ̀ hàn lójú gééjì. Mẹ́rin ni mo so mọ́ ọn, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí n tó fọwọ́ kan dísíbítọ̀, mo ti rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ní 80 kìlómítà ní wákàtí, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀: ìkíní 178°C, ìkejì 181, ìkẹta 226, ìkẹrin 204, ọ́ìlì 132. Lójú tèmi, tí abẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì bá ti kọjá 200 tó sì dúró síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń jẹ gbèsè. Lẹ́yìn dísíbítọ̀, ìkẹta bọ́ sí 211. Ó dára, kò tó. Nígbà tí a gbé e lọ sí pápá tí a tẹ iná fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tún gùn padà sí 223, mo sì ní kí Ẹ̀gbọ́n pa á lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe mi kejì rèé. Mo rò pé afẹ́fẹ́ kò tó, mo ní kí a kúkú yọ ìdérí ẹ̀yìn pátápátá kí ẹ́ńjìnnì rí afẹ́fẹ́ fà. Lórí ìdúró, gééjì kò yí padà. Lójú ọ̀nà, ìkẹta fi dígírì mẹ́rin gbóná sí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé wáyà ló ń parọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ń kò sùn dáadáa. Báwo ni a ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn fún nǹkan tó ń gbóná, tí á tún gbóná sí i?

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, èyí tó kéré jù, ló bi mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé, "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà yẹn, ṣé tútù ni?" Mo wo ọmọ náà. Mo yọ wáyà kan lábẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì kejì, mo so ó sí ẹnu fáànù gan-an, a sì tún jáde. Ooru ojú ọjọ́ jẹ́ 33°C. Èyí tí fáànù ń gbé mì jẹ́ 58°C.

Ooru tí ẹ́ńjìnnì ti tú dànù sísàlẹ̀ ni fáànù tún ń fà padà sókè. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yí bìrìbìrì, á gbé ooru sáléǹsà àti ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì wá sókè, ìdérí tó là sílẹ̀ yẹn ló sì ń gbà wọlé. Nígbà tí mo yọ ìdérí pátápátá, ńṣe ni mo ṣí ojú ọ̀nà náà gbayawu.

Mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, mo gbé e sábẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, a sì wo ọ̀nà tí èéfín máa gbà. Kò lọ sẹ́yìn, kò lọ sílẹ̀. Ó gun òkè tààrà ní ihò méjì tí páìpù ooru wà tẹ́lẹ̀, ó tún gba àyè tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáléǹsà eré-ìje, ó gba etí tí kò ní rọ́bà, ó sì wọ ẹnu fáànù lọ. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí. Ó ní, "Ó ń mu èéfín ara rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ ìdí tó fi jẹ́ ìkẹta nìkan ló ń jìyà jù. Ilé fáànù ni mo tú tẹ̀lé e. Èyí tó ń dán yẹn, inú rẹ̀ ṣófo bí korobá. Ó yẹ kí àwọn páànù tó tẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó ń darí afẹ́fẹ́ sí orí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, pàápàá sí tọ́ọ̀pù tí ooru pọ̀ sí jù lọ. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ìrísí àtijọ́ ló tún ní, èyí tí ọ́ìlì kúlà, tó ń mú ọ́ìlì tutù, máa ń dúró sínú rẹ̀ lápá òsì, lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí ìkẹta. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gba ara kúlà, á kó ooru ọ́ìlì, kó tó dé ara sílíńdà. Àwọn tó ṣe Ìjàpá mọ ìṣòro yìí. Fún àwọn ọkọ̀ ti 1971 ni wọ́n yọ kúlà kúrò níbẹ̀, wọ́n kọ́ àpótí tirẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé fáànù, wọ́n sì fún un ní ọ̀nà àbájáde tirẹ̀. Nígbà tí a sì yọ kúlà náà, a bá ìtẹ́ eku nínú àwọn ìyẹ́ rẹ̀, ewé gbígbẹ àti fọ́mù ìjókòó tó ti rà. Láti ìgbà abẹ́ igi obì ló ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ wò rí.

Mo mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ gaara, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́, mo da omi sóbò sí i kí n lè rí i kedere, mo ki ẹnu kan sínú ilé fáànù, mo fi ẹnu kejì síta. Bí fáànù bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ tó ni omi á ṣe gùn. Ní ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, sẹ̀ǹtímítà 5 àti díẹ̀ ló gùn. Mo fi amọ̀ àti àkísà dí àwọn ihò lára ilé fáànù fún ìgbà díẹ̀ kí n fi dán an wò, ó sì gùn kọjá 8 lójú ẹsẹ̀. Fáànù kan náà, bẹ́líìtì kan náà. Kò sí ohun tó ṣe fáànù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

A jiyàn díẹ̀ lórí ilé fáànù tó ń dán. Owó ńlá ni Ẹ̀gbọ́n fi rà á, ó sì dùn ún wò. Ó ní ṣé a kò lè rọ àwọn páànù inú rẹ̀. Mo ní a lè rọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ń kò sì ní fi orí pístọ̀n yín dán iṣẹ́ wẹ́dà wò. Ó lọ sí Ládípò, ó rí tòkunbọ̀ kan tó jẹ́ ti 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tó ṣì ní gbogbo páànù inú rẹ̀, kúlà àti àpótí rẹ̀. Ó ti bó, ó ti dípẹtà létí, ṣùgbọ́n ó pé.

Iṣẹ́ tó gba ọjọ́ jù ni àwọn páànù abẹ́ sílíńdà. Méjì ni wọ́n, wọ́n wà láàárín sílíńdà méjì-méjì lápá ìsàlẹ̀, wọn ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnì kan ti sọ wọ́n nù. Iṣẹ́ wọn ni láti fún afẹ́fẹ́ mọ́ra kó lè dì mọ́ ìdí sílíńdà kó sì yí i ká, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkè máa ń fẹ́ já bọ́ sílẹ̀ tààrà láti àárín, á fi ìdí sílíńdà sílẹ̀ nínú iná. Tí páànù yẹn kò bá sí, òkè sílíńdà á tutù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jóná, sílíńdà á sì wọ́ díẹ̀, ríǹgì ò ní jókòó mọ́ ọn dáadáa. Pánẹ́ẹ̀bítà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi rọ àkọ́kọ́, ó fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ìyẹ́. Mo dá a padà. Ó rọ èkejì, ó sún mọ́ ọn jù, ó ń kan páìpù pọ́sírọ́ọ̀dù, irin gígùn tó ń ti fáàfù. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a fi páálí gé àpẹẹrẹ rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì gan-an, ó sì jókòó bí ìgbà tí wọ́n bí i síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò bínú rárá. Mo mọrírì rẹ̀.

Ìyókù yá. A fi páànù pa àwọn ihò páìpù ooru. A gé páànù mọ́ ara sáléǹsà, a fi aṣọ tí kì í jó dí àyè tó kù. Rọ́bà etí Ìjàpá kò sí lọ́jà, a lo rọ́bà ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù, a là á, ó sì dì mọ́ ọn pinpin. A yọ irin méjì tó ti ìdérí síta, ìdérí padé bó ṣe padé láti ọjọ́ tí bàbá ti rà á. Àwọn ihò tó wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni fáànù ń gbà mí báyìí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti tutù. Ìlẹ̀kùn kékeré inú ilé fáànù tí tẹmọ́sítáàtì ń ṣí, àwọn kan ní kí n yọ ọ́ pé ilẹ̀ wa gbóná. Mo fi í sílẹ̀. Mo kàn rí i dájú pé ó ń ṣí tán, torí tó bá há ní pípadé, gbogbo iṣẹ́ wa ti di asán.

Ojú ọ̀nà kan náà, 80 kan náà, ooru ojú ọjọ́ 33: ìkíní 170, ìkejì 172, ìkẹta 179, ìkẹrin 184, ọ́ìlì 104. Ẹnu fáànù, 36. Omi sóbò gùn dé 9. Mo gbé ìwé náà fún Ẹ̀gbọ́n, kò sọ nǹkan kan, ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ lé orí ìdérí. Ó ní, "Bàbá kì í ṣí i sílẹ̀ láéláé. Àwa là ń bá a wí pé kò mọ nǹkan."

Ní ọjọ́ eré-ìje, eruku pupa bo pápá débi pé ìyípo kẹta la ò ti dá ọkọ̀ iwájú mọ̀ mọ́. Ìjàpá sá gbogbo ogún ìyípo pé. Ipò kẹrin ló gbà nínú mẹ́sàn-án, ìkẹta kò sì kọjá 193 níbi tó gbóná dé. Nígbà tí a tú páànù lọ́jọ́ kejì, eruku àti ọ́ìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àárín ìyẹ́ ìkẹta àti ìkẹrin, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù òsì ti ń jò díẹ̀. A fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹrin ló wá gbóná ju gbogbo wọn lọ báyìí. Mo ti wo ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, kò sí ìdíwọ́. Mo fura sí káàbúrétọ̀ apá òsì, pé epo tó ń fún un kéré. Pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣì funfun díẹ̀, bó ṣe rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n máa gbé e wá.